Ẹni Tó Gé Àrán

Àwọn mẹ́rin ló ru kọ́tìnì náà wọ inú gbọ̀ngàn, bí ẹni ru ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ewúrẹ́ mì. Ó wúwo. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá wà níwájú, Alákàbà tẹ̀ lé e, Ẹlẹ́nu ń mí hẹlẹhẹlẹ láàárín. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àlejò ló wà ní ìdí.

"Ẹ rọra o," Ẹlẹ́nu ní. "Bí ejò yìí bá já lé mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi dé ilé ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ á ní ká máa gbé ọ padà bọ̀," Alákàbà dá a lóhùn.

Àlejò kò rẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò. Ó mọ ẹni tó ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ni, ó sì mọ ohun tó fẹ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní òdìkejì ìlú tó ń rán kọ́tìnì fún òtẹ́ẹ̀lì àti báǹkì. Wọ́n fẹ́ kó wá máa gé aṣọ fún àwọn. Owó tí wọ́n dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí Ọ̀gá ń san. Kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá; orúkọ tí wọ́n fi ń pè é jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní kó fún àwọn lésì kí iṣẹ́ tó parí lónìí. Bí kò bá fẹ́, ẹlòmíràn wà nílẹ̀.

Nílé, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ló jọ ń sùn nínú yàrá kan. Ọmọ náà ti ń dàgbà. Ó ti ń kọjú sí ògiri bó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ wo ilé oníyàrá méjì kan. Kò tíì san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀ ilé náà bí ẹni tó ti sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan tó sì ti rí i.

Àlejò ti pinnu kó tó kúrò nílé láàárọ̀. Yóò lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò sọ fún Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ẹ̀rù kò bà á. Ó mọṣẹ́, ẹni tó bá sì mọṣẹ́ kì í rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ẹnì kan.

Wọ́n gbé kọ́tìnì kalẹ̀ níwájú ìtàgé. Alákàbà gun òkè pẹ̀lú ìkọ́ lẹ́nu, bí ẹni jẹ eegun ẹja. Ẹlẹ́nu gun àkàbà kejì. Ọ̀gá àti Àlejò ń na aṣọ sí wọn láti ìsàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àrán pupa náà ń gòkè.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ Ọ̀gá tí Àlejò kò bá pàdé níbòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ fi kọ́tìnì kọ́, ẹni tó gé e ni yóò lọ dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́yìn pátápátá, tí yóò wò ó. Bí kò bá tíì sọ pé "Ó tọ́," ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í wò. Yóò jókòó sí àga iwájú, yóò kẹ́yìn sí ìtàgé, yóò tẹrí ba, yóò máa ká òwú. Ó ní bí òun bá ń wo aṣọ, ojú òun ni agéṣọ á máa wò.

Òní ni yóò kan Àlejò fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó yá," Ọ̀gá ní. Ó jókòó, ó fa òwú yọ.

Àlejò gba àárín àwọn àga kọjá títí ó fi dé ògiri ẹ̀yìn. Olùtọ́jú gbọ̀ngàn ti wà níbẹ̀, bàbá kúkúrú kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ó rẹwà!" ó ń wí. "Ó rẹwà jọjọ! Ọ̀la ni wọn yóò ṣí gbọ̀ngàn yìí. Ojú á ti àwọn tó ní a kò lè ṣe é."

Àlejò yíjú padà, ó wò.

Abala tó gbẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì, ṣú. Kò ṣú púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé ìkùukùu kékeré kan dúró níwájú rẹ̀. Ó rò pé òjìji fèrèsé ni. Ó sún sí ọ̀tún. Ìkùukùu náà kò kúrò. Ó sún sí òsì. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Àrán ní irun. Bí o bá fi ọwọ́ pa á wálẹ̀, á jọ̀lọ̀, á máa dán. Bí o bá fi ọwọ́ pa á sókè, á takú, á ṣú. Irun gbogbo abala ló gbọ́dọ̀ dorí kọ ibì kan náà. Ìdí nìyẹn tí agéṣọ fi ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aránṣọ lè máa tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá há. Ẹ̀yìn aṣọ ni Ẹlẹ́nu ń rí bó bá ń rán an, èyí tó ti rán á sì wà ní òkìtì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí gbogbo rẹ̀ àfi ibi tí wọ́n bá fi kọ́ sí.

Ó rántí. Ìdì àrán àkọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa èkejì, fóònù dún. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ ńlá ni. Ó jáde lọ gbọ́ ọ. Nígbà tó padà wọlé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ya ọfà, ó gé. Kò fi ọwọ́ pa á wò. Láti ìdí ni wọ́n ti ká ìdì kejì yẹn, irun rẹ̀ dorí kodò, òun kò sì mọ̀.

"Àlejò!" Alákàbà ké láti òkè. "Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀, àbí kí n kọ́lé síbí?"

Àlejò tún wò ó. Bàbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹlẹ́nu tó gbá a mọ́ra gan-an kò rí nǹkan kan. Lọ́la, bí wọ́n bá tan iná ìtàgé, yóò hàn. Ṣùgbọ́n nígbà náà òun á ti di ará òdìkejì ìlú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí èèyàn bá ń kó kúrò nínú ilé ọ̀hún lọ́la ńkọ́? Ó rò ó dé ibẹ̀, ojú tì í.

"Kò tọ́," ó ní.

Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà ju bó ṣe rò lọ. Ọ̀gá gbé orí sókè.

"Abala ìkẹyìn lọ́wọ́ òsì. Mo dorí rẹ̀ kodò."

"Kí ló ṣe é?" olùtọ́jú bú jáde. "Èmi náà ní ojú! Kò sí ohun tó ṣe é!"

"Bàbá," Alákàbà ní, ó ń yọ ìkọ́ àkọ́kọ́, "ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀."

"Èmi tí mo rán an ńkọ́?" Ẹlẹ́nu wo aṣọ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Ṣé mo ti fọ́jú ni?"

"Ọfà mi lo tẹ̀ lé," Àlejò ní. "Èmi ni."

Ọ̀gá dìde, ó kọjú sí ìtàgé. Ó wò ó pẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ já abala náà kúrò lára èkejì rẹ̀, kí wọ́n tú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, kí wọ́n tú ti òkè, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ rán. Alákàbà lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ aláfọwọ́yí wá láti inú ọkọ̀. Ẹlẹ́nu jókòó tì í, ó ń fi òróró sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ àna. Ọ̀gá àti Àlejò mú abẹ, wọ́n kúnlẹ̀ sí ìkángun aṣọ méjèèjì, wọ́n ń tú ojú ìránṣọ bọ̀ wá bá ara wọn.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé kí Àlejò tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, fóònù ló dún nígbà tí mo ń gé e. Ilé iṣẹ́ ńlá òdìkejì ìlú ló ń pè mí sí iṣẹ́."

"Mo mọ̀."

Àlejò dá ọwọ́ dúró.

"Ọkùnrin yẹn pè mí kó tó pè ọ́," Ọ̀gá ní. Kò gbójú sókè. "Ó ní báwo ni iṣẹ́ rẹ. Mo ní o mọṣẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"O mọṣẹ́ ni."

Abẹ ń gé òwú. Lẹ́yìn wọn, Ẹlẹ́nu ti dákẹ́. Ìyẹn kì í sábà ṣẹlẹ̀.

"Bó bá pè yín lónìí, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe yìí, ṣé ẹ ó ṣì sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá fa òwú kan yọ.

"Màá fi tòní kún un."

Àlejò gé òwú mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sẹ́nu láti àárọ̀ ti tú ká. Èyí tó jáde kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

"Owó yín kéré, Ọ̀gá."

"Ó kéré."

"Ẹ fi kún òun náà."

"Bí wọ́n bá san ti gbọ̀ngàn yìí, màá fi kún un. Kò ní tó tiwọn."

"Mo mọ̀ pé kò ní tó."

"Má sì jẹ́ kí n tàn ọ́. Mi ò lè ṣèlérí ọdún tó ń bọ̀."

"Mi ò béèrè ọdún tó ń bọ̀."

"Háà," Ẹlẹ́nu ní lẹ́yìn wọn, "ẹ bá mi béèrè tèmi náà o, nígbà tí ẹnu ti yà síbẹ̀."

"Ìwọ?" Alákàbà ní. "Ká san owó ọwọ́, ká tún san owó ẹnu?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na abẹ sí Àlejò. "Parí rẹ̀. Orúnkún ń dùn mí."

Oòrùn ti sún kúrò lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n fi kọ́tìnì náà kọ́ padà. Olùtọ́jú tan iná ìtàgé fún wọn, ó sì ń kùn pé òun kò tíì jẹun. Àlejò tún gba àárín àga kọjá. Ọ̀gá tún jókòó, ó kẹ́yìn sí ìtàgé, ó tẹrí ba.

Àlejò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti òsì dé ọ̀tún. Ìkùukùu ti lọ. Pupa kan ṣoṣo ni, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Ó ti ń gé aṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá oríṣiríṣi. Lórí tábìlì ló mọ àwọn aṣọ wọ̀nyẹn mọ. Wọ́n á kó wọn lọ ní kíká, òmíràn á dé. Kò rí ọ̀kan nínú wọn rí níbi tí wọ́n gbé e kọ́.

Ó jẹ́ kí Alákàbà dúró lókè díẹ̀ sí i. Kì í ṣe pé ó ń wá àṣìṣe. Ó kàn ń wò ó ni.

"Ó tọ́," ó ní.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn ìta nígbà tí ọkùnrin ilé iṣẹ́ ńlá pè. Ohùn rẹ̀ yá gágá.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ká máa retí yín lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Àwọn kọ́tìnì tí mo bá gé, ta ló ń lọ fi wọ́n kọ́?"

"Àwọn kan wà fún ìyẹn."

"Ṣé mo lè máa bá wọn lọ?"

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọmọlúwàbí ni, ó fẹ́ fi ọkàn Àlejò balẹ̀ ni. "Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Bí ẹ bá ti gé e, ọwọ́ yín ti kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní pè yín sí i mọ́."

"Mo gbọ́," Àlejò ní. "Ẹ ṣeun. Ẹ mú ẹlòmíràn."

"Ṣé owó náà ni? A lè tún un sọ."

"Owó yín dára. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó pa fóònù, ó dúró kó rí i bóyá ọkàn rẹ̀ yóò lù kìkì. Kò lù. Ebi ló ń pa á.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Iná ti ń tàn lójú fèrèsé. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kọ́tìnì àrán kan wà ní àjà kejì, aláwọ̀ ewé. Ìdajì rẹ̀ ń dán, ìdajì rẹ̀ ṣú. Ibẹ̀ ló ń gbà lọ, ibẹ̀ ló ń gbà bọ̀, kò sì rí i rí. Ó dúró wò ó títí àwọn èèyàn fi ń yà fún un. Ẹnì kan ló gé e. Ó ti gbowó rẹ̀, ó ti lọ sílé. Ó lè jẹ́ agéṣọ tó dára. Kò ní mọ̀ láéláé.

Ọkọ̀ dé, ó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ yóò pariwo. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pariwo. Òun ló lọ wo ilé. Yóò pariwo tán, yóò jẹun, lẹ́yìn náà yóò béèrè pé báwo wá ni ti ọmọ ṣe máa jẹ́. Àlejò pa ojú dé. Láti ògiri dé ògiri, ó ń wọn yàrá wọn: ibi tí irin kọ́tìnì máa gbà kọjá lókè, bí aṣọ ṣe máa wálẹ̀ tó, ibi tí ọmọ yóò máa gbà wọlé sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.