Ọkọ̀ Kọkànlélọ́gọ́rùn-ún

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rọ ò lè ba èèyàn lórúkọ jẹ́. Lọ́dún 1975, nígbà tí ọkọ̀ siméǹtì kún òkun Èkó fọ́fọ́, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Màríínà, níbi tí a ti ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ fáwọn oníbàárà, tẹ̀wé jáde pé àbúrò mi, Jíbrílù, ló ni ẹrù ọkọ̀ kọkànlélọ́gọ́rùn-ún. Jíbrílù, akọ̀wé lásán ní ọ́fíìsì wa, tó ń gbé yàrá kan ní Ìta Fájì!

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì, ò tilẹ̀ bi í léèrè. Ọlọ́pàá ló pè. "Olè! Ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ rọ́pò ti oníbàárà!" Obìnrin tó jókòó ti Jíbrílù yára gbé báàgì rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí mo ṣe rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo dìde.

Dáfídì ni èmi fura sí, òun tó kọ ètò tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì tẹ́ mi lọ́rùn rí. Èmi ni mò ń lu ihò nọ́ńbà ọkọ̀ sára káàdì tí ẹ̀rọ náà ń kà.

"Dáfídì, ìwọ lo kọ orúkọ àbúrò mi síbẹ̀!"

"Hàwáwù, mo fi Ọlọ́run búra, n ò kọ ọ́."

"Irọ́! Káàdì ọkọ̀ kejìlélọ́gọ́rùn-ún rèé. Fi sí i níṣojú gbogbo wa, ká wo ẹni tó o tún fẹ́ kó bá."

Ẹ̀rọ kùn, ó tẹ̀wé jáde. Ọlọ́pàá kà á sókè: "Ẹni tó lẹrù: Sámúẹ́lì." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Sà, ṣé tiyín náà rèé?"

Yéè! Òógùn bo ọ̀gá. Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Dáfídì gbá orí mú, ó wá ṣàlàyé. Ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ péré ló ṣe àyè fún nínú ẹ̀rọ, ó sì to orúkọ àwa òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e bí a ṣe wọṣẹ́: Jíbrílù tó dé ṣáájú gbogbo wa, lẹ́yìn náà ọ̀gá. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àyè ti tán. Ó kàn wọ àárín orúkọ wa bí ẹni wọ ilé aládùúgbò, ó mú ohun tó bá níbẹ̀.

Ọlọ́pàá tú Jíbrílù sílẹ̀. Dáfídì fẹ àyè náà, ó sì kọ ọ́ sínú ètò pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ béèrè bóyá nọ́ńbà ọkọ̀ wà láàárín ọ̀kan àti òpin àyè. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó dúró, kó pe èèyàn.

Ọ̀gá nawọ́. "Jíbrílù, má bínú. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Àbúrò mi mú fìlà rẹ̀. "Sà, ẹ ti kọ́ ẹ̀rọ pé kó máa béèrè kó tó mú nǹkan. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí?"

Ó jáde, ó gba ọ̀nà Ọbalénde lọ.