Ìdọ̀bálẹ̀ Mukhtar Lójú Kámẹ́rà

Tó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń yege ìdánwò ni, Mukhtar ìbá ti yege tipẹ́tipẹ́. Ta ni kò tíì gbọ́ ní àdúgbò Pòrógun pé ó fẹ́ ṣe ìdánwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà, ìdánwò àwọn òyìnbó, èyí tí wọ́n máa ń jókòó sí òkè òkun ṣọ́ èèyàn láti inú kámẹ́rà? Ó sọ ọ́ nílé. Ó sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ó tún wá gba máìkì ní àsàlátù ọjọ́ Sunday, ó ní kí ìjọ fi àdúà ran òun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣàdúà tán, bàbá kan fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró níbẹ̀ bí òun bá ti dé oko ní Ìbẹ̀fún, kó jọ̀ọ́, kó bá òun bá àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Mukhtar yí fóònù náà síwá sẹ́yìn bíi dókítà, ó ní òun á rí sí i. Irọ́ ni. Kí ló fẹ́ rí sí?

Ẹ má tíì fi í rẹ́rìn-ín tán o, nítorí ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Fatihah ìyàwó rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Ameenat ọmọ wọn wà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Bí wọ́n bá bi í pé, "Dádì dà?" fóònù ló máa ń nawọ́ sí. Nígbà tí Mukhtar lọ bá wọn ṣọdún Iléyá, tó fẹ́ gbé e, Ameenat figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mukhtar rẹ́rìn-ín níwájú àwọn àlejò, ó ní ojú ló ń ti ọmọ òun. Ó wá wọ balùwẹ̀ lọ, ó sunkún.

Ilé ìwòsàn yẹn ló ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó kọ̀ǹpútà àti wáyà wọn. Wọ́n dán Mukhtar wò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, àmọ́ wọ́n ní kó mú ìwé-ẹ̀rí wá kí oṣù tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á gba ẹlòmíràn. Bó bá yege, á kó lọ bá ìyàwó àti ọmọ. Bí kò bá yege, inú fóònù ni yóò máa ti ṣe bàbá lọ.

Ó kàwé, ẹ jẹ́ ká fìyẹn fún un. Bó ṣe kọ́ kéú ní kékeré náà ló ṣe kọ́ ọ. Á máa mi síwá, á máa mi sẹ́yìn, á máa fi ohùn kéú ka bí kọ̀ǹpútà kan ṣe ń rí òmíràn. Alhaja Sàúdátù gbọ́ ọ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní, "Màṣá Àlláhù! Ọmọ yìí ò gbàgbé kéú." Mukhtar ò lè sọ fún un pé kì í ṣe kéú. Ó ní, "Àmín mà."

Alhaja yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, òun náà sì ni olórí ilé. Ó ti fi aṣọ títà ní ọjà Òkè Ajé sílẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àfọwọ́kanlẹ̀ kò sí nínú ìwé tirẹ̀. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kan ilẹ̀ lásán níwájú rẹ̀, á bi í pé, "Kí lo sọ nù síbẹ̀?" Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ dìde títí yóò fi ní kí o dìde.

Ọjọ́ ìdánwò pé, àárọ̀ Sátidé. Òfin wọn le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, wọn kò gbọdọ̀ gbóhùn ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń ṣèdánwò kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú kámẹ́rà. Mukhtar ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé. Ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé, ó kìlọ̀ fún àwọn àgbà, ó kìlọ̀ fún ẹni tó ń ta gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Alhaja nìkan ni kò kìlọ̀ fún. Ta ni yóò sọ fún Alhaja pé kó dákẹ́? Bí Mukhtar ti kírun àsùbá tán, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Kò kí ìyá náà. Nítorí pé kò síná, kò sí fáànù, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Gbogbo ihò tí olè lè gbà wọnú kọ̀ǹpútà ló mọ̀, kò mọ̀ pé fèrèsé wà.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ dáadáa. Ó ti kọjá ìdajì nígbà tí ohùn kan dún lójú fèrèsé.

"Mukhtar Àdìó! Ilẹ̀ mọ́, o ò kí mi?"

Yéè! Kí ọpọlọ tó dá sí i, ara ti dáhùn. Àga ṣubú sẹ́yìn gbì, Mukhtar ti wà nílẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan símẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ẹ̀ jí dáadáa bí?"

"A dúpẹ́. Mo ní n wá ṣàdúà fún ẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀."

Alhaja gbẹ́nu lé àdúà. Ó ṣe é fún Mukhtar, ó ṣe é fún ìyàwó, ó ṣe é fún ọmọ. Ó tún ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ lókè òkun, kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn náà. Mukhtar ń ṣe "àmín" láti ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde. Ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbọ́. Nígbà tí Alhaja ní kó dìde, tó wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti tìdánwò pa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń ṣèdánwò ti kúrò níwájú kámẹ́rà, àwọn sì gbóhùn ẹlòmíràn.

"Ó ti parí ni?" Alhaja béèrè.

"Ó ti parí mà."

"Alhamdulilahi!"

Mukhtar pe Fatihah, ó rò ó fún un. Fatihah bi í pé, "Ṣé o dọ̀bálẹ̀ tán pátápátá ni?"

"Àyà kanlẹ̀."

Fatihah bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà wá yí padà. Ó ní, "Mukhtar, ọmọ yìí ti ń pe gáàdì wa ní Dádì." Mukhtar bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara rẹ̀ nínú: afọ́nnu, oníròyìn àsàlátù, ẹni tó lè so odindi ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò lè fún ìyá kan ní ìkìlọ̀ kékeré. Ó dùn ún wọra.

Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, Alhaja ti ra ẹ̀wà tí yóò fi dín àkàrà sàárà ìdúpẹ́. Ó di dandan kó jẹ́wọ́. Ìyá náà jókòó bọ̀ọ̀.

"Èmi? Èmi ni mo fi àdúà bà á jẹ́?"

"Rárá mà. Èmi ni n ò kìlọ̀ fún yín pé wọn ò gbọdọ̀ gbóhùn ẹlòmíràn."

"O kìlọ̀ fún gbogbo ilé, o kìlọ̀ fún ẹni tó ń ta gáàsì, o wá fo èmi tí mo tọ́ ẹ?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí mà."

Alhaja ní, "Kọ̀wé sí wọn. Ní èmi ni. Bí wọ́n bá fẹ́ bá mi jà, kí wọ́n máa bọ̀ ní Pòrógun."

Mukhtar kọ̀wé. Ó ṣàlàyé ní òyìnbó pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni òun ń kí. Wọ́n fèsì pé kò yé àwọn bí ìkíni ṣe lè gbé èèyàn kúrò lórí àga, ṣùgbọ́n àwọn gbà kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù.

Lọ́jọ́ náà, Mukhtar kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja kí oòrùn tó yọ. Alhaja gbé àga rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní ẹni tó bá fẹ́ pariwo, orí òun ni yóò gbà kọjá.

Ìdánwò ti jìnnà nígbà tí Mukhtar gbọ́ ohùn ìyàwó Lèmọ́mù níta. "Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja." Kò sí ìdáhùn. "Alhaja, ẹ káàárọ̀ o." Kẹ́kẹ́ pa. Bàtà ìyàwó Lèmọ́mù lọ tìbínú-tìbínú. Bàbá Zayd, olórí àdúgbò, kí i, ó dákẹ́. Ẹnìkan tún kí i, ó tún dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Mukhtar, kò gbọ́ kí ẹnì kan kí Alhaja kó má dáhùn rí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ń ka ìbéèrè kan lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì ti ń mi síwá sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ti ń mú kéú bọ̀, ni ìkìlọ̀ bá hàn lójú kọ̀ǹpútà pé kó má ṣe mi ètè mọ́. Ó pa ètè dé. Wàyí o, kò sí orin, àfi kó ronú. Ó ronú bí ẹni ń ti mọ́tò gòkè.

Ó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Èsì jáde lójú ẹsẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sáré yí ilé ká, ó nà gbalaja síwájú àga. Alhaja fi ìka lé ètè. Ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ń fi ojú béèrè bóyá àyè ti wà.

"Ẹ lè sọ̀rọ̀ mà," Mukhtar wí láti ilẹ̀. "Ó ti tán. Mo yege."

Igbe tí Alhaja ké, ẹni tó ń ta gáàsì sá jáde. Ó dì mọ́ orí Mukhtar, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O máa bá mi dé ilé Lèmọ́mù, o máa bá mi dé ilé Bàbá Zayd. O máa bá mi bẹ gbogbo àwọn tí mo sọ di ọ̀tá láàárọ̀ yìí. O máa dọ̀bálẹ̀ títí àyà á fi bó."

"Ẹ ṣé mà."

"Àmọ́ pe ìyàwó rẹ ná. Ní kó sọ fún ọmọ yẹn pé bàbá rẹ̀ ń jáde bọ̀ nínú fóònù."