Ọbẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹ̀jẹ̀ Mi

Mi ò kórìíra ìyá ọkọ mi o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ọbẹ̀ ilá wọn gba oògùn lọ́wọ́ mi.

Lítíọ́mù, oògùn ọpọlọ, ni mò ń lò. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí mi dàrú débi pé mo pín gbogbo aṣọ oníbàárà fún àwọn tó ń kọjá lọ ní títì ìlú Zomba. Oògùn yìí ló dá mi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Torí náà, bí wọ́n bá ní kí n wá sí ilé ìwòsàn kí àwọn gba ẹ̀jẹ̀ lára mi yẹ̀ wò, mo máa ń tètè dé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì Namalomba wo èsì, ó lejú.

"Ellina, oògùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Àbí o lò ó ní méjì-méjì?"

"Ṣé orí mi tún ti dàrú lójú yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó dín oògùn náà kù, ó ní tó bá tún ga lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ò ń jẹ iyọ̀?" Nọ́ọ̀sì bi mí.

Háà! Ìyá ọkọ mi ti dé láti Mangochi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń sá fún, àwọn ló sì ń dáná. Iyọ̀ ò kan ọbẹ̀ wọn rárá.

"Bí iyọ̀ bá dín lára, oògùn á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tó ò bu iyọ̀ sí tìrẹ?"

"Níwájú ìyá ọkọ mi kẹ̀? Kí n sọ fún wọn pé wọn ò mọ ọbẹ̀ sè?"

Nọ́ọ̀sì náà lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ sì ní ìyá. Ó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Ìtìjú bò mí.

"O wá ń gbé e mì bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀?" Wọ́n bu iyọ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n sínú àwo mi. "Ta ló lọ láti ilé dé ilé lọ́jọ́sí tí orí rẹ dàrú, tó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n dá aṣọ oníbàárà padà? Ẹsẹ̀ mi wú! Ṣé o fẹ́ kí n tún un rìn ni? Jẹun, jàre!"

Mi ò mọ̀ pé àwọn ló ṣe é. Ọkọ mi ò sọ fún mi rí. Mo jẹ ńsíma, òkèlè àgbàdo wa, àti ọbẹ̀ náà tán pẹ̀lú omijé, ó sì dùn dé ìka.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n bá mi dé ilé ìwòsàn. Oògùn inú ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, dókítà sì fi oògùn mi sílẹ̀ fún mi.

Ìyá ọkọ mi na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀. "Ẹ ṣé o, dókítà," ni wọ́n wí. "Ẹ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi."