Itọ́ Tí Mo Lọ Gbà Padà

Ẹni tó bá sọ pé tinútinú ni mo fi tutọ́ sínú ike yẹn, irọ́ ló ń pa. Alhaja Sẹ̀kínát ló ní ká tutọ́, a sì tutọ́. Òun ni olórí àwa tá à ń ta tòmátì ní ìlà wa ní Mile 12. Tí tírélà bá ti òkè Ọya dé, òun ló ń pín apẹ̀rẹ̀ fún wa, ẹni tó bá sì bí i nínú, èyí tó ti jẹrà nísàlẹ̀ ló máa kàn án. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn ṣeré?

Dókítà Ìníolúwa tó kó ike wá bá wa lọ́jà ò kúkú ṣe ohun tó burú. Ọmọ Magodo ni, ó sì kúnlẹ̀ kí wa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó ṣàlàyé pé ìwádìí lórí àrùn kíndìnrín ni wọ́n ń ṣe, pé wọ́n fẹ́ mọ ìdí tó fi ń mú àwọn ìdílé kan ju àwọn mìíràn lọ. Ó ní kì í ṣe àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni lésì. Ó ní kò sí dandan níbẹ̀ rárá, pé ẹni tó bá ti tutọ́ tó sì yí ọkàn padà lè wá gba tirẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ní Ìkòsì kó tó di ìrọ̀lẹ́, láìsọ ìdí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ dáadáa yìí, ẹ̀gbẹ́ Alhaja ló dúró sí tó ti ń sọ ọ́. Alhaja mú tẹ̀súbà lọ́wọ́, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa lóun ò ṣe? Òun ló kọ́kọ́ tutọ́, a pàtẹ́wọ́ fún un, la bá tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà tí mo ti tutọ́ tèmi tán ni ẹnì kan béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú itọ́ lásán. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó wà nínú itọ́ èèyàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ti ìyá àti bàbá rẹ̀ ni, ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, àti ti ọmọ tó bí. Ara mi bù máṣọ. Wọ́n ti gbé ike mi sínú kúlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n mi, Rahmon. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àbúrò bàbá wa kan sì ti bá irú rẹ̀ lọ ṣáájú. Ibà la sọ fún aráyé. Nígbà tí Abdulmujeeb, ọmọ Alhaja, wá ní Labeebah ọmọ mi lòun fẹ́ fẹ́, wọ́n rán èèyàn lọ ṣèwádìí nílé wa bí wọ́n ti máa ń ṣe: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé wárápá wà, ṣé àìsàn kan ń tọ ẹbí náà. Àwọn àgbà ilé wa ní kò sí. Láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti ń pè mí ní àna, tó ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Yìgì ò pẹ́ mọ́. Èmi wá fi ẹnu ara mi pọ àṣírí ilé wa sínú ike, lójú ìyá ọkọ ọmọ mi!

Mo padà sídìí ọjà, ọjà ò ṣeé tà. Mo jókòó, mo dìde. Oníbàárà mi kan láti Alápẹ̀rẹ̀ bi mí léèrè iye tòmátì, mo ní kó máa lọ, àfi bí ìgbà tó bú mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọjà, mo tún padà. Inú ń bí mi sí Alhaja, inú ń bí mi sí dókítà, kódà inú ń bí mi sí Rahmon tó ti kú. Nígbà tí Alhaja ní òun fẹ́ lọ kí aláìsàn kan ní Kétu, mo ní ó dáa, àyè ti gbà mí. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ìkòsì.

Wọ́n ní ẹnì kan wà lọ́dọ̀ dókítà, kí n jókòó. Mi ò lè jókòó. Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n bá mi da itọ́ mi nù, ọwọ́ mi ni wọ́n máa fi í lé. Ilẹ̀kùn ṣí. Alhaja Sẹ̀kínát ló jáde.

Ó dúró. Ó ní òun ní kóun yà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà ni. Mo ní èmi náà wá dúpẹ́ ni. Háńkíṣíìfù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ike aláwọ̀ búlúù, irú èyí tá a tutọ́ sí, sì yọ níbẹ̀. Ó rí i pé mo rí i, ló bá fi ìborùn bò ó.

Mi ò ní parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní, áà, ẹ̀yin náà! Lẹ́yìn náà ni mo rántí Labeebah àti Abdulmujeeb, mo rántí ọmọ tí wọ́n máa bí. Tí irú àìsàn yìí bá wà nílé tiwọn náà ńkọ́? Ojú Rahmon tó wú ni mo ń rí lára ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ẹ̀rù bà mí ju ti àárọ̀ lọ.

"Alhaja," mo ní, "irọ́ la pa fún yín. Kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wá ibi jókòó.

"Karimot àbúrò mi, tí ẹ bá mi ṣàdúrà rẹ̀," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ ríru la pè é. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó kú. Bàbá wa náà, irú ẹ̀ ni."

A jọ wọlé tọ dókítà lọ. Ó gbé ike tèmi fún mi láìbéèrè ohunkóhun, àwa la sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í pé ṣé àwọn ọmọ wa lè fẹ́ ara wọn báyìí. Ó ní òun ò lè ti ara ìwádìí yìí dáhùn, òun sì ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ó ní àwọn dókítà kíndìnrín wà tó lè yẹ̀ wọ́n wò, tó sì lè la ọ̀rọ̀ náà yé wọn, tí wọ́n bá mọ ohun tó wà nílé wọn.

"Àmọ́ àwọn fúnra wọn ló máa decide, Ma," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn ṣe é."

Alhaja wolẹ̀. Inú tún bí mi. Mo sọ fún dókítà pé ká ní ó pe èmi nìkan wọ yàrá báyìí láàárọ̀, mi ò bá ti sọ pé mi ò ṣe. Ó ní òótọ́ ni, kò sì wá àwáwí kankan.

Alhaja tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìlà wa wá rọra bi mí pé ta ló máa sọ fún àwọn ọmọ. Mo yọ fóònù mi. Labeebah gbé e, ọ̀rọ̀ aṣọ yìgì ló fi bẹ̀rẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo ní kó wá ibi jókòó.

"Mummy, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Labeebah," mo ní, "kì í ṣe ibà ló pa Uncle Rahmon."