Àṣìṣe Inú Kíláàsì Ọkọ Mi

Ní kíláàsì kẹrin tí ọkọ mi kọ́ títí ó fi papò dà, eré kan wà tí àwọn ọmọ, tí wọ́n ń pè é ní Bàbá wa, mọ̀ bí ẹní mowó. Lójoojúmọ́ ló máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi nǹkan kan kọ sójú pátákó. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì tún un ṣe. Ní yàrá kejì tí mo ti ń kọ́ àwọn kéékèèké, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bó bá délé, màá bi í pé kí ló tún ṣì lónìí. Á ní, "Olùkọ́ tí ọmọ ò lè tún ṣe, ère ni."

Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n fi kíláàsì náà dán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wò. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ ọ̀gá àgbà lọ́rùn, yóò dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ilé. Mo fẹ́ kó dúró, nítorí ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Mo fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ eré yẹn fún un, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi pé olùkọ́ tó dáa kì í ṣì; ọjọ́ tí ọmọ bá ká àṣìṣe mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ tán. Mo panu mọ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lágbára iyàn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà wá wò ó, ó ní kí n jókòó ti òun lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbi tó ti ń sọ méje di ìlọ́po mẹ́jọ, ó kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ọ̀gá àgbà wò mí.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ikú ọkọ mi, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Tata, nítorí ìdí rẹ̀ kì í gbé orí àga, ti dé iwájú, ó na ọwọ́.

"Tíṣà, mo ti rí i. A rò pé ẹ ò mọ eré Bàbá wa ni."

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu: kó sáà rẹ́rìn-ín, kó gbà pé eré ni. Ó wo pátákó, ó wo àwa méjèèjì, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọ náà.

"N ò mọ eré kankan. Mo ṣì í lóòótọ́ ni. Bá mi tún un ṣe."

Tata rọra nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́, ó kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá ṣọ́ọ̀kì padà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Ibẹ̀ yẹn le. Èmi náà máa ń ṣì í."

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé ojoojúmọ́ ni ti Tata.

Ọ̀gá àgbà rọra bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní gbogbo àṣìṣe tí ọkọ mi ṣe fún wọn, ayédèrú ni, ojúlówó rèé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kíláàsì kẹrin ti rí olùkọ́.

Nígbà tí a jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Eruku ṣọ́ọ̀kì wà ní kọ́là aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gbọ̀n ọ́n dànù kí n tó rántí pé kì í ṣe kọ́là ọkọ mi.

"Kò burú," ni mo wí. "Kí lo máa ṣì fún wọn lọ́la?"