Ta Ló Da Omi Tútù Sínú Ẹ́ńjìnnì?

Ọdún méje ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa gbẹ̀san lára Ògúndèjì, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ẹ̀san kò dára. Ẹni tí wọn kò tíì bà lórúkọ jẹ́ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí n gba fíríìdọ̀mù nígbà náà. Ògúndèjì lọ ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n kó wọlé láti Kánádà. Ó rà á fún Alàgbà Fọláránmi, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin ẹja nínú adágún kan lẹ́yìn ìlú. Ó fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Èmi ni wọ́n ní kí n rọ omi sí i kí n sì sítáàtì rẹ̀. Kò pẹ́ tí omi fi wọ inú ọ́ìlì, ni ọ́ìlì bá funfun bí ògì. Nígbà tí a tú u, búlọ́ọ̀kì rẹ̀, irin ńlá tí gbogbo ìfun ẹ́ńjìnnì jókòó sí, ti là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti inú.

Ọ̀gá wo ojú Alàgbà, ó wo ojú mi.

"Ọmọ yìí ló da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná!"

Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ pé omi tútù lè la irin gbígbóná, nítorí náà gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò gbóná rárá kí n tó rọ omi sí i, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ tẹnu ọmọ iṣẹ́? Ọ̀gá fagi lé fíríìdọ̀mù mi. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún un ní ilé rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ọ̀gá ní kó máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Omi Tútù. Bí mo bá ń kọjá ní Ìlàrè, ọlọ́kadà tí kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí á máa pariwo, "Omi Tútù, ṣé ara le?"

Mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí àdúrà ọ̀gá lórí mi. Ọkọ̀ tí àwọn yòókù bá ti kọ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún mi. Inú burúkú sì kọ́ mi níṣẹ́ ju Ògúndèjì lọ.

Lọ́dún yìí, bí òjò ṣe ń dáwọ́ dúró, Alàgbà Fọláránmi fúnra wọn wọlé tọ̀ mí wá.

"Hàjàrá, ẹ́ńjìnnì ọjọ́sí ṣì wà lẹ́yìn ilé mi. Ògúndèjì ní kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ṣé o lè bá mi wò ó?"

"Ẹ gbé e wá, sà."

Inú mi dùn débi pé mi ò bèèrè ohun tí wọ́n máa san.

Mo fi abẹ ha pẹ́ńtì búlúù ara búlọ́ọ̀kì náà. Gọ́ọ̀mù irin tí wọ́n fi ń dí ibi tó là ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, ó ti le koránkorán. Pẹ́ńtì yẹn, ìṣojú mi ni Ògúndèjì fi kùn ún, ọjọ́ mẹ́ta kó tó ní kí n sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ó mọ̀! Ó ti mọ̀ kó tó pè mí. Mo fẹ́ gbé sípánà lọ bá a nílé.

Ṣùgbọ́n kí ló la irin náà gan-an? Etí ibi tó là yọ síta, bí ẹni pé nǹkan kan tì í láti inú. Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, kò yé mi. Lọ́jọ́ kẹrin, Títílọpẹ́ tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta. Ó gbàgbé ìgo omi kan sínú fíríìsà, ó ti bẹ́. Mo gba ìgo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ojú ibi tó ti bẹ́, ni mo bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìgo mi fọ́, o ń rẹ́rìn-ín?"

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ìgo ẹ ti gbà mí sílẹ̀."

Ní Kánádà, tí òtútù bá dé, gbogbo ìlú ló ń di fíríìsà. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì náà lọ́hùn-ún kò fa omi inú rẹ̀ dànù. Omi náà di yìnyín, yìnyín wú, ó sì ti irin yà. Omi tútù ló là á lóòótọ́. Àmọ́ mi ò dé Kánádà rí.

Mo rí búlọ́ọ̀kì irú rẹ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà kan tó ti kú sí ọ̀nà Ìpetumodù. Mo yọ àwọn ìdérí kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ti idẹ rọ́pò wọn, kí omi má bàa jẹ wọ́n. Mi ò lo sítáátà ọkọ̀ ilẹ̀, torí ó lè ta iná sí èéfín pẹtiróòlù nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi. Ti tẹ́lẹ̀ ni mo dá padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Mo lè fi mẹ́rin ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Ògúndèjì rí àbùkù kan ṣoṣo bú mi.

Mo bẹ Alàgbà kí wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì síbi adágún. Ògúndèjì ni alága, kò lè ṣàìwá. Ọkọ̀ ojú omi Alàgbà yí adágún po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni mo ká tapólì kúrò lórí búlọ́ọ̀kì àtijọ́, mo sì gbé ìgo bíbẹ́ tì í. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìnyín fún wọn. Mo wá fi gọ́ọ̀mù hàn wọ́n.

"Alága, ta ló lẹ gọ́ọ̀mù yìí?" Mùhámmẹ́d, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló bèèrè.

Ògúndèjì nu òógùn ojú. "Èmi ni. Ìtìjú Alàgbà ni kò jẹ́ kí n sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà."

Mo ní kí wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù mi níbẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀gá mú sípánà dání bó ṣe yẹ.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi."

"Ìdúró ni àdúrà yín á bá mi, Ọ̀gá."

Ó wò yíká bóyá ẹnìkan máa bá mi wí. Mo ga jù ú lọ, ó ní láti na ọwọ́ sókè kó tó kan orí mi. Bó ṣe ń wúre ni èmi náà ń ṣe àmín kíkankíkan. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Láti ibẹ̀ ni mo gba Òkèrèwè lọ bá ìyá mi. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: gọ́ọ̀mù, yìnyín, àdúrà orí ìdúró. Mo ń retí kó dìde kó ṣépè fún Ògúndèjì. Kò dìde.

"Hàjàrá, fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́."

"Màmá, kí ni mo ṣe?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìyá mi kò kúnlẹ̀ fún Ògúndèjì torí wọ́n purọ́ mọ́ mi. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó forí jin ọmọ òun tó jẹ̀bi, títí di òní kò sì gbà mí gbọ́. Ó dùn mí wọ inú egungun.

Mo tún bi í pé kí ni mo ṣe. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí rẹ̀.