Ẹ́ńjìnnì Àbúrò Nínú Alùpùpù Ẹ̀gbọ́n

Kò-sí-wàhálà ni àwọn oníbàárà ń pe mẹ́káníìkì yìí, nítorí gbólóhùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ ì báà gbiná: kò sí wàhálà. Táyà ì báà yọ dànù lójú títì: kò sí wàhálà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o. Ojo ni. Bí nǹkan bá ta pàrà lójijì, abẹ́ tábìlì lẹ ó ti bá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi tó ti lọ ra bóòtù àti nọ́ọ̀tì dé, ó sì wo ibi tí alùpùpù bàbá ìyàwó rẹ̀ wà láàárọ̀. Òfìfo. Àbàwọ́n ọ́ìlì kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, tó ń wò ó bí ojú òkú.

“Ta ló gbé e?”

Fọkanáísà tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kò gbójú sókè nínú ọpọ́n omi tó fi ń wá ibi tí tíúbù ti ń jò. “Ẹni tó ni ín ni. Bàbá ìyàwó ẹ àti Màmá. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Àbí kí n máa bá àgbàlagbà du nǹkan ìní wọn?”

“Wọ́n gùn ún lọ?”

“Rárá o, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ni. Ìbéèrè wo nìyẹn? Bàbá dé akoto, mo padà sídìí tíúbù mi, mo gbọ́ vùùù, ó tán. Wọ́n ní àwọn ń lọ kí àbúrò Màmá lẹ́yìn afárá.”

“Lẹ́yìn afárá! Orí òkè ni wọ́n gbà!”

“Ṣé ojú ọ̀run lo fẹ́ kí wọ́n gbà ni?”

Ọ̀rọ̀ ọ̀run yẹn ló sọ ẹ̀jẹ̀ Kò-sí-wàhálà di omi.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù rèé. Alùpùpù náà ju òun fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan pa, tí písítìnnì lẹ̀ mọ́ inú bí ìgbín nínú ìkarahun, Bàbá gbé e wá, wọ́n sì na ìka sí i. “Ẹ́ńjìnnì yìí ni mo fi gbé ìyàwó mi wálé. Bó bá jí, ó jí. Bí kò bá jí, kó sùn. N kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì míràn nínú ọkọ̀ mi láéláé.” Ọlọ́gbọ́n ì bá jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n àna ni àna, ẹnu ọkùnrin yìí sì máa ń yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. “Kò sí wàhálà, Bàbá.”

Kò jí. Ó fi ọ́ìlì rẹ ẹ́, ó fi iná yá a, ó tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ló bá lọ wá ẹ́ńjìnnì irú alùpùpù kan náà, àmọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn ti Bàbá. Ihò bóòtù wọn kò ṣe wẹ́kú. Ó jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Ṣéènì wọ́, ó fi wáṣà tì í. Ó wá yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, ó fi dé tuntun náà lójú, ó sì fi èéfín àti gíríìsì kùn ún títí àbúrò fi dàbí ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn bí oyin.

Ohun kan ṣoṣo ni gíríìsì kò lè bò: jíà. Nínú ẹ́ńjìnnì ti Bàbá, bí èèyàn bá fẹ́ kí ọkọ̀ sáré sí i, ẹsẹ̀ ló máa fi tẹ jíà sísàlẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, wọ́n ti yí i padà: orí bàtà lèèyàn á fi gbé e sókè. Bó o bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ lórí eré, jíà kékeré lo kó sí. Táyà ẹ̀yìn á há lójijì, ọkọ̀ á sì jù ẹ́ nù bí ẹṣin tí kò mọ olówó rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé Bàbá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Kò-sí-wàhálà ti fẹ́ sọ fún wọn, ìgbà tó bá rí irọ́ tó bá a mu ni.

Ó pe fóònù Bàbá. Fóònù náà dún lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

“Yá mi ní kẹ̀kẹ́ ẹ!”

“Bíréèkì ẹ̀ ò mú o.”

“Mo ní kó o yá mi!”

Ó wa ẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ gun òkè. Àna méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọ̀daràn míì kì í pa ju ọ̀kan lọ láyé ẹ̀. Kí ló máa wí fún ìyàwó rẹ̀? “Aya mi, kò sí wàhálà”?

Ní téńté òkè, ó rí bàtà kan láàárín títì.

Ti ẹsẹ̀ òsì ni, aláwọ, bàtà tí Màmá máa ń wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe agbẹ̀bí. Okùn rẹ̀ já. Orí rẹ̀ ti họ, gíríìsì tútù sì wà níbẹ̀. Kò bi bàtà náà léèrè ohun tí gíríìsì ń wá lórí rẹ̀; ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn bi bàtà ní nǹkan. Ó ki bàtà náà bọ àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́kún, ó sì dorí kẹ̀kẹ́ kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Òótọ́ ni, bíréèkì ò mú. Kẹ̀kẹ́ ń fò, atẹ́gùn ń gbá omijé rẹ̀ sínú etí. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá afárá, alùpùpù dúró gbọnrangandan. Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n ki orí wọn tòun ti akoto bọ àárín orúnkún. Kò sí Màmá.

“Bàbá! Màmá dà?” Ó kọjá níwájú wọn bí ọfà, ó wọ inú koríko, kẹ̀kẹ́ gba ọ̀tọ̀, òun náà gba ọ̀tọ̀. Ibi tó nà gbalaja sí ló ti ń ké. “Èmi ni mo pa wọ́n o! Ẹ́ńjìnnì yín kọ́ nìyẹn! Ti ọdún míràn ni! Jíà ẹ̀ yí padà, n ò sì sọ!”

Ẹnì kan gòkè bọ̀ láti ẹsẹ̀ odò, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ń fún aṣọ ìnujú tútù lọ́wọ́.

“Ọkọ ọmọ mi,” Màmá wí, “ṣé o bá mi rí bàtà mi?”

Ó yọ bàtà náà láyà ṣẹ́ẹ̀tì, ó nà án sí wọn. “Màmá… ẹ ò kú?”

“Ṣé kí n kú ni? Èmi ni mo gùn ún.” Wọ́n na orí bàtà tó họ sí i. “Wò ó. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ni ọ́fíìsì fún mi nígbà tí mo ń gbẹ̀bí kiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fẹsẹ̀ kan jíà ni mo ti mọ̀ pé àrékérekè wà níbẹ̀. Okùn bàtà ni kò lè fara dà á mọ́.”

“Bàbá wá ńkọ́? Kí ló ṣe wọ́n?”

“Eré tí mo sá ló mú òòyì kọ́ wọn. Wọ́n ní kí n rọra, n ò gbọ́.” Wọ́n fi aṣọ tútù lé ọrùn ọkọ wọn.

Ìgbà náà ni Bàbá gbórí sókè. Ojú wọn pọ́n. Kò-sí-wàhálà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń retí èpè.

“Ìwọ ọmọ yìí,” Bàbá wí jẹ́jẹ́, “ta ló ní kó o jí i?”

“Ẹ… ẹ ní kí n tún un ṣe, Bàbá.”

“Mo ní bí kò bá jí, kó sùn! Àdúrà ni mò ń gbà kó sùn! Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú lórí afárá yìí, tí mi ò sọ fẹ́nì kankan, ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n bí mo bá ti rí ọkọ̀ yẹn. Kí lo rò pé mo ṣe sọ pé ẹ́ńjìnnì míràn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́? Kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni!”

Màmá wo ọkọ wọn títí. “Nígbà tẹ́ ẹ na kọ́kọ́rọ́ sí mi lónìí, mo rò pé ìfẹ́ ni.”

“Ìfẹ́ wà níbẹ̀ náà,” Bàbá wí. “Ẹ̀rù ló pọ̀ jù ú lọ.”

Màmá so okùn bàtà wọn ní kókó, wọ́n gba akoto lórí ọkọ wọn, wọ́n dé e. “Àbúrò mi ń retí mi. Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.”

Vùùù. Wọ́n ti kọjá afárá.

Ọkùnrin méjèèjì wo òkè tó wà níwájú wọn, wọ́n wo kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

“Kò sí wà…”

“Dákẹ́.”

Lódìkejì odò, ohùn alùpùpù lọ sílẹ̀ lójijì. Màmá ń pààrọ̀ jíà. Àna àti àna dúró, wọ́n séèémí, ọwọ́ Bàbá wà ní apá ọkọ ọmọ wọn, wọn ò mira títí ohùn náà fi gòkè padà. Wọ́n tún rìn díẹ̀. Ohùn náà tún lọ sílẹ̀. Wọ́n tún dúró.